Ẹ̀kọ́ Oyè Ọ̀mọ̀wé Nínú Ìmọ̀ Eré Ìdárayá

Ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ eré ìdárayá ni ìpele tó ga jù lọ ní yunifásítì fún ẹni tó fẹ́ máa ṣèwádìí lórí bí ara ènìyàn ṣe ń ṣe nígbà tó bá ń sáré, tó ń gbé ẹrù wúwo, tàbí tó jókòó sójú kan fún ìgbà pípẹ́. PhD ni wọ́n sábà máa ń fi parí rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹ̀ka náà yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn: àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kan ń pè é ní exercise science tàbí kinesiology, àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn sport and exercise science, ní Nàìjíríà sì rèé, human kinetics ló wọ́pọ̀ jù.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ kóòṣì. Kóòṣì ń wá bí sárésáré rẹ̀ yóò ṣe borí lọ́la. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé ń wá ohun tó jẹ́ kó borí, ó sì gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n lọ́nà tí ẹlòmíràn lè gbà tún un wọ̀n. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, bí ẹni ń kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ: ìwé kíkà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Orírun

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ní ìlú Manchester, A. V. Hill, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, gbé àpò ńlá kan kọ́ ẹ̀yìn, ó ń sáré yí pápá koríko ká, gbogbo èémí tó ń mí jáde sì ń wọ inú àpò náà. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Hartley Lupton, tẹ èsì iṣẹ́ yìí jáde ní 1923: bí ènìyàn ṣe ń yára sí i ni ọ́síjìn tí ara ń lò ń pọ̀ sí i, àmọ́ yóò dé ibì kan tí kò ní lè kọjá. Òpin yìí ni gbogbo ayé ń pè ní VO₂max lónìí. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922, tí Hill pín pẹ̀lú Otto Meyerhof, kì í ṣe fún eré sísá yẹn o. Iṣẹ́ lórí iṣan ara ni wọ́n fi dá wọn lọ́lá. August Krogh ti Copenhagen ti gba tirẹ̀ ní 1920, lórí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín inú iṣan.

Ní Amẹ́ríkà, Harvard Fatigue Laboratory, láàbù ìwádìí lórí àárẹ̀ ara, ló la ọ̀nà. Wọ́n ṣí i ní 1927 lábẹ́ ilé kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò Harvard, L. J. Henderson ló pilẹ̀ rẹ̀, David Bruce Dill sì ń darí iṣẹ́ ibẹ̀. Wọn kò jókòó sílé. Ní 1932, wọ́n lọ wọ̀n àwọn òṣìṣẹ́ tí oòrùn ń pa níbi tí wọ́n ti ń kọ́ dáàmù Hoover. Ní 1935, wọ́n gun òkè Chile láti mọ ohun tí afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ ń ṣe fún ara. Nígbà tí Harvard ti láàbù náà pa ní 1947, àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń tú ká lọ sí yunifásítì mìíràn, tí wọ́n ń dá láàbù tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Sid Robinson, tó lọ sí Indiana. Lójú ẹni tó bá ń tọpa ìtàn ẹ̀ka yìí, ìtúká yẹn ṣe pàtàkì tó ogún ọdún tí láàbù náà fi ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ka ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sí. Ní 1963, James Conant, tó ti jẹ́ ààrẹ Harvard rí, kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n fagi lé ẹ̀kọ́ tó kọjá oyè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ọdún kejì ni Franklin Henry ti Berkeley dáhùn, tó ní ìmọ̀ tó dá dúró ni, tí kò sì dìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ di olùkọ́ eré ìdárayá kó tó kọ́ ọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti ń yí orúkọ wọn padà.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ

Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lo bí ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà. Yóò kọ́kọ́ jókòó sí kíláàsì: fisiọ́lọ́jì (bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́), báyókẹ́mísìrì (kẹ́mísìrì inú ara), ìṣirò dátà. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò ńlá, alákọsílẹ̀ àti alátẹnusọ, tí ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ lè padà sílé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni, kíláàsì kò pọ̀, ìwádìí ni wọ́n ń bọ́ sí tààrà. Ní ìparí, olùdánwò méjì, ó kéré tán, tí ọ̀kan nínú wọn wá láti yunifásítì mìíràn, yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́, wọn yóò sì máa bi í léèrè ọ̀rọ̀ fún wákàtí mélòó kan.

Kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀n ara ẹlòmíràn, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí a ń lò fún ìwádìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n á béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àyà bá ń dun ẹnì kan lórí ẹ̀rọ, ibi tí dókítà tó sún mọ́ jù wà, àti bóyá èdè tó yé olúwa rẹ̀ ni wọ́n fi kọ ìwé ìyọ̀ǹda. Ìdúró de lẹ́tà wọn lè gba oṣù.

Yíyan alábòójútó ju yíyan yunifásítì lọ. Ẹ̀rọ tó wà ní láàbù ọ̀gá, owó ìwádìí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti bó ṣe máa ń tètè ka iṣẹ́ ọmọlẹ́yìn, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń sọ iye ọdún tí ènìyàn yóò lò.

Nínú láàbù

Ẹ jẹ́ ká wo àyẹ̀wò VO₂max kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á ti dé ṣáájú, á tan ẹ̀rọ ìwọnèémí kó lè gbóná. Á gbé síríńjì ńlá olílítà mẹ́ta, á máa tì í, á máa fà á, títí ẹ̀rọ yóò fi ka lítà mẹ́ta gan-an. Á fa afẹ́fẹ́ láti inú sílíńdà tí a ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bóyá ọ́síjìn ìdá 16 àti carbon dioxide ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, á sì fi afẹ́fẹ́ ìta, tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ ìdá 20.93, ṣe ìfiwéra.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe ìyọnu tó báyìí? Ẹ ronú ẹni tó wọn kílò 70, tó ń mí lítà 100 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀rọ bá fi ìdá 0.1 péré nínú ọgọ́rùn-ún ṣi ọ́síjìn inú èémí rẹ̀ kà, àṣìṣe bí mílílítà 100 ní ìṣẹ́jú kan ti wọlé. Ìyẹn ju mílílítà kan lọ lórí kílò kọ̀ọ̀kan, èyí sì lè tó ohun tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fi kún agbára ènìyàn.

Ẹni tí wọ́n ń wọ̀n á wọ ìbòjú, á gun tírẹ́dímìlì, ẹ̀rọ tí ènìyàn ń sáré lórí rẹ̀ lójú kan, wọ́n á máa fi kún eré rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀, nítorí náà yóò máa fi ìka tọ́ka sí òǹkà lórí pátákó Gunnar Borg, láti 6 dé 20, láti fi bí ó ṣe le tó hàn. Ẹnì kan á dúró sẹ́yìn rẹ̀ láti gbé e bó bá fẹ́ ṣubú. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀.

Láàbù mìíràn ń gé iṣan wò. Jonas Bergström ará Sweden ló sọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é di ohun tó gbajúmọ̀ láti 1962. Wọ́n á fi oògùn pa itan kú kó má bàa dunni, wọ́n á bu ìwọ̀nba iṣan, wọ́n á sì sọ ọ́ sínú nitrogen olómi tó tutù dé −196 °C. Ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn di iṣẹ́ oṣù mélòó kan lábẹ́ maikirosíkóòpù.

Àbùkù àtijọ́ kan ṣì wà nílẹ̀: ọ̀dọ́kùnrin, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ni àwọn láàbù ti ń wọ̀n jù láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní nǹkan oṣù obìnrin ń da èsì rú. Ìdí yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí nǹkan ń yí padà lára rẹ̀ ló yẹ ká wọ̀n jù.

Ìwádìí tí kò nílò ẹ̀rọ

Ní 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì London wé àwọn kọ́ńdọ́ wọn. Awakọ̀ ń jókòó, kọ́ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn láti àárọ̀ dalẹ́, àrùn ọkàn sì ṣọ̀wọ́n sí i láàárín àwọn kọ́ńdọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ẹ̀ka yìí ń tọ ọ̀nà yẹn títí di òní, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí dátà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ ìwọnèémí rárá.

Ní Nàìjíríà

Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka human kinetics tó ń fúnni ní oyè ọ̀mọ̀wé. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí eré ìdárayá fún alárùn rọpárọsẹ̀ tàbí ẹlẹ́jẹ̀ ríru sábà máa ń gba ọ̀nà fisiotẹ́rápì wọlé, bíi ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọnèémí wọ́n, kì í sì í fẹ́ kí iná máa lọ, nítorí náà ìdánwò orí pápá ni ọ̀pọ̀ ń lò: eré ìṣẹ́jú 12 tí Kenneth Cooper gbé jáde ní 1968, tàbí eré àlọ-àbọ̀ mítà 20 tí Luc Léger ti Montréal ṣe ní 1982. Kóònù, rédíò àti fèrè tó.

Owó ni ìdènà ńlá. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lè rí ìrànwọ́ gbà láti TETFund, àjọ ìjọba tó ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, láti fi kàwé nílé. Ẹni tó bá lọ sí Amẹ́ríkà sábà máa ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní kíláàsì tàbí láàbù, kí yunifásítì lè yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un ní owó oṣù tí yóò fi jẹun. Lẹ́yìn oyè, àwọn kan di olùkọ́ yunifásítì, àwọn mìíràn ń bá aláìsàn ọkàn ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn, àwọn kan wà pẹ̀lú eléré ìdíje, ẹgbẹ́ ọmọ ogun, tàbí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń wá bí iṣan àti egungun àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú kò ṣe ní rọ lọ́hùn-ún.