Kí ẹ tó ra páàsì rélùwéè Yúróòpù, ẹ ka ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ rélùwéè gan-an

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan wọlé sí ọ́fíìsì wa ní Mọ́kọ́lá níbi tá a ti ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, wọ́n mú ìwé ẹsasáìsì kan dání tí wọ́n ti fi rúlà fa ìlà sí láàárín, ọjọ́ lápá kan, orúkọ ìlú lápá kejì. Ọmọ wọn ọkùnrin ń gbé ní Hannover ní Jámánì, ìyàwó ẹ̀ máa tó bímọ, màmá fẹ́ lọ bá wọn wẹ ọmọ, kí wọ́n sì fojú kan Berlin, Prague, Vienna àti Zurich kí wọ́n tó padà sílé. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti sọ fún wọn pé páàsì, ìyẹn tíkẹ́ẹ̀tì kan téèyàn lè fi wọ ọ̀pọ̀ rélùwéè, ti oṣù kan gbáko ni kí wọ́n rà. Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ ká fi bírò pupa sàmì sí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jókòó nínú rélùwéè gan-an." A sàmì títí, ọjọ́ 5 péré ló pupa nínú odidi oṣù kan. Ìyókù, ọmọ ni wọ́n máa pọ̀n.

Ẹ wò ó báyìí. Páàsì dà bíi kéèyàn gba Máíkírà ní ṣátà láti àárọ̀ títí dalẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti Dùgbẹ̀ lọ Bódìjà, tẹ́ ẹ gba ibẹ̀ lọ Ìwó Road, tẹ́ ẹ dé Challenge kẹ́ ẹ tó padà sílé, owó yẹn ṣiṣẹ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ Bódìjà nìkan lẹ lọ, ìwọ̀nba owó tẹ́ ẹ bá san fún síìtì kan ì bá tó. Báyìí gan-an ló rí pẹ̀lú páàsì, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọlé jókòó sílé ọmọ yín ò dá kọ́bọ̀ kankan padà fún yín.

Orúkọ méjì lẹ máa ń gbọ́, Eurail àti Interrail, ilé iṣẹ́ kan náà ló ń tà wọ́n, orílẹ̀-èdè 33 kan náà ni wọ́n sì bò, àwọn tó lè rà wọ́n ló yàtọ̀. Eurail ni ti àwa tí a ò gbé Yúróòpù, Interrail ni ti àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ibi téèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò o, kì í ṣe àwọ̀ pásípọ́ọ̀tù, torí náà ọmọ Ìbàdàn tó ní ìwé ìgbélùú ní Hannover, Interrail ni tiẹ̀, ìyá ẹ̀ tó ń gbé Mọ́níyà, Eurail ni tiwọn. Ọmọ màmá yìí ti fẹ́ ra Interrail fún àwọn méjèèjì pa pọ̀, èmi ni mo pè é lórí WhatsApp pé kó dúró. Ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú rélùwéè lè ní kí wọ́n mú pásípọ́ọ̀tù jáde kó fi wé páàsì. Ọmọ náà ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé Interrail kì í ṣiṣẹ́ falala nílẹ̀ téèyàn ń gbé, ẹ̀ẹ̀kan ló lè fi jáde ní Jámánì, ẹ̀ẹ̀kan ló lè fi wọlé padà.

Páàsì tó bo gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn pín sí oríṣi méjì. Èkíní, ọjọ́ ń tẹ̀ lé ọjọ́: ọjọ́ 15, ọjọ́ 22, oṣù 1, oṣù 2, oṣù 3, bẹ́ ẹ wọ rélùwéè bẹ́ ẹ ò wọ̀, ó ń lọ. Èkejì, ẹ máa mú ọjọ́ 4, 5 tàbí 7 láàárín oṣù kan, tàbí ọjọ́ 10 tàbí 15 láàárín oṣù méjì, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lò nìkan ló ń dín kù. Èyí ni mo máa ń mú fún àwọn òbí tó fẹ́ lọ kí ọmọ. Láti aago méjìlá òru dé aago méjìlá òru ni ọjọ́ kan, ẹ lè wọ rélùwéè mẹ́fà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́, tó bá sì jẹ́ rélùwéè alẹ́ lẹ wọ̀ tó sùn sọ́nà, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbéra ni wọ́n máa kà, tẹ́ ẹ ò bá ṣáà ti wọ òmíì lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí ò tíì ju 27 lọ máa rí ẹ̀dínwó tó lè tó ìdá mẹ́rin owó, ẹni tó ti pé 60 máa rí ìdá mẹ́wàá, ọmọ ọdún 4 sí 11 ò ní sanwó tó bá tẹ̀ lé àgbàlagbà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba páàsì ọ̀fẹ́ tiẹ̀ náà.

Ibi tó ń dun àwọn èèyàn wa jù wá kù. Àwa tá a mọ rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tó ń gbéra ní Mọ́níyà, tíkẹ́ẹ̀tì kan, síìtì kan ni, a ti rò pé kò sí bí páàsì ò ṣe ní ní síìtì nínú. Kò ní in. Ní Jámánì, Austria, Switzerland, Netherlands, ọ̀pọ̀ rélùwéè lẹ kàn máa wọ̀ tẹ́ ẹ máa jókòó síbi tó bá ṣófo. Àmọ́ àwọn tó ń sáré ní Faransé, Ítálì àti Sípéènì, dandan ni kẹ́ ẹ san owó síìtì lọ́tọ̀, nǹkan bíi yúrò 10 sí 20, Eurostar tó ń lọ London máa ń lé ní 30. Iye síìtì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní páàsì sì lè tán kí rélùwéè tó kún. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo dúró níwájú wíńdò tíkẹ́ẹ̀tì tèmi ti páàsì mi, obìnrin inú gíláàsì yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sí mi kí n lè fojú ara mi rí i pé síìtì páàsì ti tán títí dọjọ́ kejì. Rélùwéè mẹ́ta tó ń dúró ní gbogbo abúlé ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ti ṣú kí n tó débi tí mò ń lọ. Látìgbà náà, tí ìrìn oníbàárà mi bá ti gba Faransé tàbí Sípéènì, owó síìtì ni mo kọ́kọ́ ń ṣírò.

Ẹ pín iye tí wọ́n ń ta páàsì sí iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò. Ká ní 300 yúrò ni, tó jẹ́ ọjọ́ 5, ọjọ́ kan di 60 yúrò. Ẹ wá lọ wo tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó bá tètè rà á ní oṣù méjì mẹ́ta ṣáájú máa ń rí i lówó pọ́ọ́kú, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú yìí ò kúrò lórí rélùwéè kan ṣoṣo, tọ́jọ́ bá yẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni tiwa ti yàtọ̀ sí tàwọn òyìnbó tó ń kọ ìmọ̀ràn pé kéèyàn tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí físà wa lè pẹ́ jáde títí dọ̀sẹ̀ tá a fẹ́ gbéra, nígbà yẹn tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú ti tán, èyí tó kù ti gbówó lórí. Nígbà náà ni páàsì máa ń ṣàǹfààní fún wa jù. Ẹ má rà á kí físà tó jáde o. Páàsì tí ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n lè dá owó ẹ̀ padà kí wọ́n yọ ìdá 15 nínú 100, àmọ́ ẹ ka ìwé àdéhùn tó bá jẹ́ ìgbà promo lẹ rà á, torí àwọn míì wà nínú ẹ̀ tí wọn kì í dá padà.

Páàsì kì í ṣe físà. Nínú orílẹ̀-èdè 33 yẹn, UK, Ireland, Serbia, Bosnia, Montenegro, North Macedonia àti Turkey ò sí nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan náà ń wọ̀, físà Schengen tó jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan sì ti parí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti jáde lọ London, kódà kẹ́ ẹ ní físà UK.

Ní ti káàdì ẹ̀dínwó, ẹni tó máa pẹ́ nílẹ̀ kan ló wà fún. BahnCard 25 ti Jámánì ń yọ ìdá mẹ́rin kúrò, tó fi mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì pọ́ọ́kú, àmọ́ fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ ara ẹ̀ di ọ̀tun tẹ́ ẹ ò bá fagi lé e nígbà tó yẹ, ọ̀pọ̀ òbí ti padà dé Ìbàdàn kí bíìlì ọdún kejì tó dé ilé ọmọ wọn. Ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á ni kẹ́ ẹ fagi lé e, á ṣì ṣiṣẹ́ títí ọjọ́ ẹ̀ á fi pé. Deutschland-Ticket, tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù ti Jámánì, 49 yúrò ló jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní May 2023, ó ti di 63 lóṣù báyìí láti January 2026, bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti rélùwéè agbègbè ló wà fún, kò wọ ICE tó ń sáré. Màmá wa máa nílò ẹ̀ ní Hannover. Òun náà máa ń sọ ara ẹ̀ di ọ̀tun, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọmọ wọn fagi lé e, ó pẹ́ tán ọjọ́ 10 nínú oṣù tí wọ́n bá fẹ́ lò ó kẹ́yìn, kó lè parí lópin oṣù náà. Fún Switzerland, káàdì oṣù kan kan wà fún àlejò tó ń gé owó rélùwéè sí méjì, àmọ́ ẹni tí ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa fi kọjá níbẹ̀ kó má wulẹ̀ dá a láàmú.

A ò tíì san kọ́bọ̀. Ìwé ẹsasáìsì yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ojú ewé kejì ni mo kọ iye tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀kọ̀ọ̀kan sí, iye páàsì ọjọ́ 5 ti àgbàlagbà wà lábẹ́ ẹ̀, mo sì fi ààyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún iye tó máa jẹ́ lọ́jọ́ tí físà bá jáde.