Ikọ̀ ìdènà: ṣé olùkọ́ ló kù díẹ̀ káàtó, àbí àwọn ọmọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yéé pe “defense” inú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní “ẹ̀yìn”. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ẹ̀yìn, níbi tí adẹ́yìnmú ti ń dúró nítòsí aṣọ́lé. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sọ́wọ́ alátakò, àwọn mọ́kànlá mìíràn ló máa wọlé, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n sì ní ni kí wọ́n má jẹ́ kó kọjá. Òmìrán tó ń forí gbárí pẹ̀lú alátakò níwájú pátápátá, báwo ló ṣe di ará ẹ̀yìn? Àwọn kan ní “dìfẹ́ǹsì”: wọ́n da àmì ohùn lé e lórí, wọ́n ní ó ti di Yorùbá. Àwọn mìíràn ní “ìdáàbòbò”, bíi pé ọlọ́pàá ni wọ́n ń wá. Èmi ò gbà. “Ikọ̀ ìdènà” ni mo fara mọ́, nítorí ọ̀nà ni wọ́n ń dè. Ẹni tó bá pè é bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tó yẹ kó bèèrè nígbà tí ikọ̀ náà bá ń jò: ọ̀nà wo ló là sílẹ̀, ta ni wọ́n sì fi sídìí rẹ̀? Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ̀bùn àwọn ọmọ ni kò tó; èmi ní ẹ̀kọ́ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́ wọn ni ká kọ́kọ́ wò.

Ẹ wo àwọn ọdẹ tó ń dènà de ọ̀yà lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n tiná bọ igbó, wọ́n yí i ká, kálukú dúró sójú ọ̀nà tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá gbọ́ ìró lọ́dọ̀ ẹnìkejì tó sáré lọ síbẹ̀, ojú ọ̀nà tó fi sílẹ̀ ni ẹran máa gbà lọ. Ó lè jẹ́ òun lẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú wọn; eré rẹ̀ gan-an ló tú ẹran sílẹ̀. Ẹ̀bùn ni ẹsẹ̀ yíyá. Pé kí kálukú mọ ibi ìdúró rẹ̀, kó má sì kúrò níbẹ̀, ọwọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ìyẹn wà.

Ohun tó ṣe USC, yunifásítì Southern California ní Los Angeles, nìyẹn. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2023, nínú ìdíje Cotton Bowl, wọ́n ń fi 45 sí 30 na Tulane, yunifásítì mìíràn, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́rin àtààbọ̀. Tulane ló borí, 46 sí 45. Tyjae Spears, eléré Tulane, nìkan gbé bọ́ọ̀lù sá 205 yáàdì láàárín wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀bùn ni kò tó, ṣé ẹ̀bùn Tulane ló wá ju ti USC lọ ni?

Sáà tó tẹ̀ lé e burú sí i. Àmì 34.4 ni alátakò ń gbà lára wọn nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Lóṣù Kọkànlá, yunifásítì Washington gba àmì 52 lára wọn, Dillon Johnson ti Washington sì sá 256 yáàdì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá Alex Grinch, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ ìdènà, dúró. D'Anton Lynn ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ẹni tí ikọ̀ ìdènà rẹ̀ ní UCLA, yunifásítì mìíràn ní Los Angeles, ṣẹ̀ṣẹ̀ ká USC lọ́wọ́ kò, 38 sí 20. Ní 2024, 34.4 já sí 24.1.

Wọ́n á ní Lynn nìkan kọ́ ló dé, pé eléré bíi Kamari Ramsey tẹ̀ lé e wá láti UCLA, tí Easton Mascarenas-Arnold sì wá láti Oregon State. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bear Alexander, òmìrán tí wọ́n gbà láti yunifásítì Georgia tariwotariwo, ṣíwọ́ lẹ́yìn ìdíje mẹ́ta péré lọ́dún náà. Ikọ̀ ìdènà ò wó.

Ibi tí mo ti gbà pé ẹ̀bùn ló já wọn kulẹ̀ ni ọ̀dọ̀ yunifásítì Michigan, lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Yáàdì 32 péré ni Michigan fi bọ́ọ̀lù jíjù rí látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbogbo pápá ló mọ̀ pé sísá ni wọ́n máa sá, wọ́n sì sá 290. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Kalel Mullings, eléré Michigan, já 63 yáàdì lẹ́ẹ̀kan náà, Michigan sì fi 27 sí 24 borí. Ẹni tó mọ ibi tẹ́ran ń gbà bọ̀ tí kò rí i dá dúró, agbára ló kù fún un, kì í ṣe ẹ̀kọ́.