Kí Ló Ń Jẹ Bátìrì Kámpà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Lò?

Ọkùnrin kan gbé bátìrì wá bá mi. Kámpà rẹ̀ ti wà lábẹ́ tapólì láti oṣù mẹ́rin, bátìrì náà kò sì tíì pé ọdún kan. Mo fi mítà kàn án lórí: fólítì 4.1. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo iná ni mo pa kí n tó ti ilẹ̀kùn o." Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ iná ọkọ̀ mọ̀ pé irú wọn kì í parọ́. Wọ́n pa iná lóòótọ́, wọn ò já wáyà kúrò lórí bátìrì ni.

Kámpà tí mò ń wí ni ilé kékeré onítáyà tí à ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí kì í sùn. Ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì kó lè ké bó bá jò, kì í sùn. Rédíò ò fẹ́ gbàgbé aago. Pátákó iná tó wà lẹ́yìn fíríìjì àti èyí tó wà lára ẹ̀rọ omi gbígbóná ń dúró de ẹni tó máa tẹ̀ wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lá díẹ̀díẹ̀. Ká ní gbogbo wọn pọ̀ jẹ́ áńpù 0.1 péré. Láàárín wákàtí 24, ìyẹn ti di áńpù-wákàtí 2.4. Ẹ gbé bátìrì tí wọ́n kọ 100Ah (áńpù-wákàtí 100) sí lára síwájú wọn: bí ọjọ́ 21 bá fi máa pé, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Oṣù mẹ́rin ńkọ́?

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ohun àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn máa ń sáré rà ni ṣájà. Ẹnikẹ́ni kì í pọn omi sínú garawa tó ń jò. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ti ń jò.

Báyìí ni mo ṣe máa ń wá a. Màá pa gbogbo nǹkan inú kámpà, màá yọ wáyà tó wọ inú ọkọ̀ tó ń fà á, màá sì yọ ti iná ilé náà bó bá wà níbẹ̀. Màá yí mítà sí ibi áńpù 10, màá tú wáyà kúrò lórí ẹnu bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò, màá wá fi ẹnu mítà kan kan orí bátìrì, èkejì kan wáyà tí mo tú. Gbogbo ohun tí bátìrì ń tú síta á gba inú mítà kọjá, á sì fi hàn mí. Bí ó bá gbé 0.12, màá lọ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí mo yọ tí nọ́ńbà fi já wálẹ̀, òun ni olè. Ẹ má tan ohun ńlá kankan nígbà tí mítà bá wà níbẹ̀, nítorí fíúsì inú mítà fúnra rẹ̀ á jó.

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò sọ pé ẹ wo wáyà dúdú. Nínú ọkọ̀, wáyà dúdú ló sábà máa ń jẹ́ ìyọkúrò. Nínú ọ̀pọ̀ kámpà, dúdú ló ń gbé iná, funfun ló wá jẹ́ ìyọkúrò. Mo ti rí ẹni tó fọkàn tán àwọ̀, tó so ó lódìkejì, tí gbogbo fíúsì sì jó lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì tí wọ́n tẹ̀ sára bátìrì ni kẹ́ ẹ wò.

Bí kámpà bá fẹ́ dúró ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ já bátìrì náà. Àwọn kan ní súìsì tó ń já a. Súìsì yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́ tán, torí àwọn wáyà kan máa ń yà sí ara bátìrì tààrà láì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ti búréèkì tó ń di táyà mú bí kámpà bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ti ẹ̀rọ gáàsì náà sì ń ṣe é nígbà míì. Ẹnu ìyọkúrò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú. Bí ẹ bá ń dá a padà, òun ni kó kẹ́yìn.

Ṣé kò wá sí wàhálà mọ́ nìyẹn? Ó ṣẹ́ kù díẹ̀. Bátìrì tí ẹ já, tí ẹ gbé sọ́tọ̀, ń pàdánù iná fúnra rẹ̀, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù fún bátìrì olójé tí à ń bu omi sí. Èyí tí wọ́n dí lẹ́nu kì í pàdánù tó bẹ́ẹ̀. Ooru ló ń mú un yá: bí ibi tó wà bá gbóná sí i ní ìwọ̀n 10 lórí Celsius, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. (Ẹ̀rù ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí àwọn àgbà máa ń bà yín, ẹ gbàgbé rẹ̀. Àpótí bátìrì òde òní, ike ni. Ilẹ̀ kì í fa iná inú rẹ̀.)

Wíwà láìlò kì í pa bátìrì olójé, wíwà lófìfo ló ń pa á. Bó ṣe ń tú iná sílẹ̀ ni nǹkan funfun kan ń bo àwọn pátákó òjé inú rẹ̀. Bí iná bá tètè padà, á yọ́ lọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan, á le gbagidi, kò sì sí ṣájà tó máa tú u dáadáa mọ́. Ní ibi òtútù, ẹjọ́ náà tún burú sí i. Bátìrì tó kún kì í dì títí òtútù á fi kọjá ìwọ̀n 50 sísàlẹ̀ òdo. Èyí tí iná inú rẹ̀ ti tán lè di yìnyín ní nǹkan bí ìwọ̀n 7 sísàlẹ̀ òdo, kí àpótí rẹ̀ sì là.

Nítorí náà, ẹ fi iná kún un kí ẹ tó gbé e pamọ́, kí ẹ sì máa wò ó lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún bíi wákàtí 12 lẹ́yìn ṣájà kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, torí nọ́ńbà tó máa ń fi hàn lójú ẹsẹ̀, ìgbéraga lásán ni. Fólítì 12.6 sókè, ó kún. 12.4, ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ fi iná kún un lọ́jọ́ náà gan-an. 12.2 ni ìdajì, ẹ ti jẹ́ kó pẹ́.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ṣájà máa wà lórí rẹ̀ títí, ẹ ra èyí tó mọ ìgbà tó yẹ kó dẹwọ́. Bí bátìrì bá ti kún, á rọra sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bíi fólítì 13.2 sí 13.6, á sì máa bá a ṣọ́ ibẹ̀. Èyí tó rọ̀ lówó tí kò mọ ìgbà tó tó, ńṣe ló máa ń sè é. Omi inú rẹ̀ á máa gbẹ, pátákó òjé á yọrí síta. Ẹ̀rọ iná tó wà nínú àwọn kámpà àtijọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo kámpà tó wà lára iná ilé ni ara bátìrì rẹ̀ yá. Bó bá jẹ́ èyí tó ń mumi, ẹ ṣí i wò, kí ẹ fi omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ padà di omi (distilled water) kún un, kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Ẹ ṣe é níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn, torí gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń gbiná.

Sólà náà ń ṣiṣẹ́. Pánẹ́ẹ̀lì 10 wáàtì á fún yín ní bíi ìdajì áńpù nígbà tí oòrùn bá mú gan-an, ìyẹn tó láti bá bátìrì tí ẹ ti já ṣọ́ ilé. Ẹ fi ẹ̀rọ ìdarí sí àárín wọn. Ẹni tó fi tapólì bo òrùlé kámpà, tí pánẹ́ẹ̀lì wà lórí òrùlé yẹn, mi ò mọ ohun tí mo lè bá a sọ.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù, tí kì í ṣe olójé, kò gba ìwọ̀n yìí. Fólítì 12.8 tó jẹ́ ayọ̀ lára olójé, lára tirẹ̀ ó ti ń lọ sópin. Kò fẹ́ kí á máa fi iná kún un títí. Ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ló dára jù láti fi í pamọ́. Ẹ já a pátápátá, ẹ má sì fi iná sí i rárá bí ara rẹ̀ bá tutù dé òdo lórí Celsius. Ṣájà tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé kámpà jáde, ẹ so bátìrì padà, kí ẹ tó kúrò lójú kan, ẹ fa okùn búréèkì àjájá yẹn yọ, kí ẹ wá fi ọkọ̀ wọ́ kámpà síwájú díẹ̀. Táyà gbọ́dọ̀ kọ̀ láti yí. Ẹ tètè dá okùn náà padà, torí búréèkì yẹn ń mu iná ju gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ lọ.