Títo àpilẹ̀kọ oyè lórí kọ̀ǹpútà

Títo àpilẹ̀kọ oyè lórí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ fífún ìwé ìwádìí gígùn, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń kọ kó tó gboyè, ní ìrísí tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ béèrè fún. Àkọlé orí àti ìsọ̀rí wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà ojú ìwé, atọ́ka àkóónú, àwòrán, tábìlì àti ìwé ìtọ́kasí. Microsoft Word ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe é. LibreOffice Writer, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń ṣe é dáadáa pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ ìṣirò sábà máa ń lo LaTeX tí Leslie Lamport dá sílẹ̀. Àṣẹ ni wọ́n ń kọ sínú ìyẹn, ìrísí ìwé kì í hàn títí a ó fi ní kí kọ̀ǹpútà tò ó.

Ètò ìkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Bravo ló kọ́kọ́ jẹ́ kí òǹkọ̀wé máa rí lẹ́tà lójú kọ̀ǹpútà bó ṣe máa rí lórí ìwé. Butler Lampson, Charles Simonyi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣe é ní Xerox PARC, ibùdó ìwádìí ilé-iṣẹ́ Xerox, ní Palo Alto, ìpínlẹ̀ California, ní ọdún 1974. Simonyi lọ sí Microsoft ní 1981, òun àti Richard Brodie sì ṣe Word, tó jáde ní 1983.

Style, ìyẹn àkójọ ìrísí tí a fún ní orúkọ kan, ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹni tó fẹ́ kọ àkọlé "Orí Kẹta" lè mú un dúdú, kó sọ ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ di 14, kó sì fà á sí àárín. Lójú ènìyàn, àkọlé ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ìpínrọ̀ bíi ti yòókù ni, lẹ́tà rẹ̀ kàn tóbi ni. Ṣùgbọ́n tó bá fi kọ́sọ̀ (cursor) sórí ìlà náà, tó sì tẹ Ctrl+Alt+1 nínú Word, Heading 1 ni ìlà náà dà, kọ̀ǹpútà sì ti mọ̀ pé orí tuntun bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Heading 2 ni ti ìsọ̀rí, Heading 3 ni ti abẹ́ ìsọ̀rí. Word ní ipele mẹ́sàn-án, àmọ́ àpilẹ̀kọ tó bá kọjá mẹ́rin ti ń da òǹkàwé láàmú.

Èrè rẹ̀ máa ń hàn nígbà tí alábòójútó bá dá iṣẹ́ padà. Ká ní ó fẹ́ kí gbogbo àkọlé orí kúrò láàárín, kó wá sápá òsì, kí lẹ́tà wọn sì jẹ́ Times New Roman ìwọ̀n 12. Ẹni tó lo style yóò lọ sórí Heading 1, yóò yan Modify, yóò tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan, gbogbo orí yóò sì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí kò lò ó yóò máa wá wọn kiri lójú ìwé kọ̀ọ̀kan, kì í sì í rí gbogbo wọn. Atọ́ka àkóónú náà, orí style ló dúró lé. Ètò náà ń kó àwọn Heading jọ, ó ń fi nọ́ńbà ojú ìwé wọn sí i, bí ìwé bá sì gùn sí i, F9 ni a ó tẹ̀ kí atọ́ka náà tún ara rẹ̀ ṣe.

Àṣà tó gbilẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀wé ni pé kí wọ́n máa tẹ Enter títí orí tuntun yóò fi bọ́ sójú ìwé tó kàn, kí wọ́n sì máa fi àmì dọ́ọ̀tì ṣe ìlà atọ́ka lọ́wọ́. Àṣà yìí ń ná akẹ́kọ̀ọ́ lówó àti àkókò, nítorí pé ìpínrọ̀ kan ṣoṣo tí a bá fi kún Orí Kejì, gbogbo rẹ̀ ti yẹ̀. Ctrl+Enter ló yẹ kí a lò. Èyí tó tún dára jù ni kí a yan Page break before sínú Heading 1 fúnra rẹ̀, kí orí kọ̀ọ̀kan máa bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé tuntun láìjẹ́ pé a tún sọ fún un.

Nọ́ńbà ojú ìwé ló máa ń fa wàhálà jù. Ojú ìwé iwájú, níbi tí ìfìwéjúbà, ìdúpẹ́ àti àṣamọ̀ wà, sábà máa ń gba nọ́ńbà Róòmù kéékèèké: i, ii, iii. Láti Orí Kìíní ni 1 ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè ka nọ́ńbà lọ́nà méjì yìí àfi bí a bá pín ìwé sí abala (section). A ó gbé kọ́sọ̀ sí ìparí ojú ìwé iwájú, a ó lọ sí Layout, a ó yan Breaks, lẹ́yìn náà Next Page lábẹ́ Section Breaks. A ó wá tẹ ìsàlẹ̀ ojú ìwé àkọ́kọ́ Orí Kìíní lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì pa Link to Previous kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Bí a bá gbàgbé ìyẹn, ohun tí a bá kọ tàbí tí a bá pa rẹ́ nísàlẹ̀ Orí Kìíní yóò kan ti iwájú náà. Format Page Numbers ni a ó lò gbẹ̀yìn láti ní kí kíkà bẹ̀rẹ̀ láti 1. Nínú LibreOffice, style ojú ìwé ló ń ṣe iṣẹ́ yìí.

Insert Caption ni a fi ń fún tábìlì àti àwòrán ní nọ́ńbà, Cross-reference ni a sì fi ń tọ́ka sí wọn láàárín ọ̀rọ̀. Bí tábìlì tuntun bá wọ àárín, Ctrl+A àti F9 yóò tún gbogbo nọ́ńbà tò. Tí a bá ti pa tábìlì kan rẹ́, tí ọ̀rọ̀ sì ṣì ń tọ́ka sí i, "Error! Reference source not found." ni yóò jáde níbẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí a wá "Error!" jákèjádò ìwé kí a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Fún ìwé ìtọ́kasí, Zotero, ètò tó ń bá ni to ìtọ́kasí, wà lọ́fẹ̀ẹ́. George Mason University ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2006.

Àpilẹ̀kọ tí a kọ ní èdè Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní kóòdù tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́, ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù ẹyọ kan: lẹ́tà ń ṣáájú, àmì ohùn ń tẹ̀lé e. Àwọn fọ́ǹtì kan kì í gbé àmì náà sójú ibi tó yẹ. Charis SIL àti Doulos SIL, tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́, ń gbé e dáadáa. Àwọn kan a máa tẹ e tàbí o, wọn a wá fi Ctrl+U fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ dípò àmì ìsàlẹ̀. Àléébù ńlá ni, nítorí pé ìlà yẹn kì í ṣe ara lẹ́tà. Bí ẹnikẹ́ni bá sàmì sí ìpínrọ̀ náà, tó sì tẹ Ctrl+Space láti nu ìrísí rẹ̀ kúrò, gbogbo ìlà náà yóò lọ, ẹ̀kọ́ yóò sì di èkó. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ìwé lọ tẹ̀ níbòmíràn, kí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di PDF, kí fọ́ǹtì rẹ̀ lè bá a lọ, torí pé kọ̀ǹpútà ẹni tó ń tẹ̀wé lè má ní fọ́ǹtì náà.