Kẹ́ ẹ tó lu ẹrù ilé yín ní gbàǹjo lórí fóònù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó ẹrù ilé jáde, bóyá ilé tuntun lẹ̀ ń kó lọ ni o, bóyá ẹ fẹ́ já pa ni o, tẹ́ ẹ wá ní ẹ máa lu gbogbo ẹ̀ ní gbàǹjo lórí WhatsApp tàbí Facebook, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹ ní Ìkòròdú níbí nìyẹn, mo máa ń bá èèyàn ta ọjà àlòkù, fíríìjì, fáànù, tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀rọ ìránṣọ, àga, ohun tó bá ṣáà ti wà ńlẹ̀. Iye tí ẹni ìkẹyìn pè kọ́ ni iye tó máa wọ àpò yín o. Ẹ má tíì fi ṣèlérí fún landlord.

Owó tí àwọn tó ni ojú ọjà ń gbà ló rọrùn jù láti rí, torí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, àwa la kì í kà á. Nínú gúrúùpù WhatsApp, ẹ bi admin kẹ́ ẹ tó fi fótò kankan síbẹ̀ bóyá ó máa ń mú nǹkan lórí ọjà tó bá tà, torí àwọn kan máa ń mú. Àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n ní Amẹ́ríkà tó ń bá wọn ta aṣọ òkè àtijọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ lórí eBay, ìyẹn ojú ọjà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti máa ń lu gbàǹjo, tiwọn tún le. Lórí ọ̀pọ̀ ọjà, ohun tí eBay ń yọ lé ní dọ́là 13 nínú dọ́là 100, kì í sì í ṣe lórí owó ọjà nìkan, wọ́n á ro owó ọjà, owó tí oníbàárà san fún gbígbé ẹrù, àti owó orí ìjọba ibẹ̀ pọ̀, wọ́n á wá yọ tiwọn nínú gbogbo ẹ̀. Ìyẹn ni pé owó tẹ́ ẹ gbà kẹ́ ẹ lè fi san fún agbẹ́rù, wọ́n ti bu díẹ̀ níbẹ̀ kó tó dé ọwọ́ agbẹ́rù.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ rárá wà nínú bí gbàǹjo ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹni tí ọjà wù jù kọ́ ló ń pinnu iye tó máa lọ, ẹnì kejì ẹ̀ ni. Ká ní ẹnì kan fẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ yín débi pé ó lè san 80,000, tí ẹni tó tẹ̀lé e bá ti dákẹ́ ní 45,000, 46,000 lẹ máa gbà, ẹ ò sì ní mọ̀ láéláé pé 80,000 wà lápò ẹnì kan. eBay tiẹ̀ ti fi ẹ̀rọ ṣe é, oníbàárà á sọ iye tó pọ̀ jù tó lè san fún un, ẹ̀rọ yẹn á wá máa bá a fi díẹ̀díẹ̀ kún un lórí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ẹyọ ẹnì kan ló pè é, iye tẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ náà ló máa gbé e lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ràn "ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1,000" táwọn èèyàn máa ń ṣe yẹn, ó dùn lójú ni, àfi tọ́jà bá jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń wá. Ẹ sì má jẹ́ kó parí ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ lọ́sẹ̀ tí wọ́n bá san owó oṣù dáa, kódà àwọn tó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 nígbà yẹn gan-an ló ń tẹ fóònù jù.

Ẹni tó pe iye tó ga jù tán, tó wá sá ńkọ́? Á pè é lálẹ́, á ní òun ń bọ̀ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá padà lọ bá ẹnì kejì, ó ti mọ̀ pé ọrùn yín ti há, "ẹ̀gbọ́n, mo ti fi owó yẹn ṣe nǹkan míì o, àfi tẹ́ ẹ bá máa gbà 30." Lórí eBay wọ́n fún ẹni tó bá pe iye tó ga jù ní ọjọ́ mẹ́rin láti sanwó kẹ́ ẹ tó lè fagi lé e. Níbí, ẹ gba àsansílẹ̀ kẹ́ ẹ tó ní kí ẹlòmíì máa lọ. Àláàtì orí fóònù kì í ṣe owó o, ẹ wọ inú app báǹkì yín, ẹ wò ó pé ó ti wọlé kí ọjà tó kúrò ní fàráńdà.

Ká wá dé orí gbígbé ẹrù, ibẹ̀ lowó pọ̀ sí. Ìyá kan ní Ìgbógbò ta fáànù kékeré, kò wúwo ju kílò mẹ́rin lọ, ẹni tó rà á wà ní Ìbàdàn. Wọ́n dì í sí páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 50, tó ga ní 30. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ́rù, wọ́n fa téèpù yọ, wọ́n wọn páálí, wọ́n ní kílò 18 ni. Ìyá ní "ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ̀ ń ṣeré ni, ẹ gbé e lé ìwọ̀n kẹ́ ẹ wò ó!" Wọn ò ṣeré. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ agbẹ́rù máa ń ṣírò gígùn páálí lọ́nà fífẹ̀ ẹ̀ lọ́nà gíga ẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á pín in sí 5,000, èyí tó bá pọ̀ jù láàárín ìyẹn àti ohun tí ìwọ̀n sọ ni wọ́n á gba owó ẹ̀. 60 lọ́nà 50 lọ́nà 30 jẹ́ 90,000, ẹ pín in sí 5,000, 18 náà ni. Tí wọ́n bá tú apá fáànù yẹn kúrò lára ẹsẹ̀ ẹ̀, tí wọ́n sì dì í sí páálí tó rí pẹlẹbẹ, owó yẹn ò bá já wálẹ̀ gan-an.

Fíríìjì tún yàtọ̀. Ọkọ̀ ojú omi Ẹbúté lè yá dé Island lóòótọ́, àmọ́ ta ló máa gbé fíríìjì wọ ọkọ̀ èrò? Píkọ́ọ̀pù ni, awakọ̀ ẹ̀ á sì dà á dùbúlẹ̀. Tó bá ti dùbúlẹ̀, ọ́ìlì inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ máa ń ṣàn lọ sínú páìpù, tí ẹni tó rà á bá dé'lé tó sì tàn án lójú ẹsẹ̀, ó lè bà á jẹ́, ẹ̀yin ló sì máa pè, á ní ọjà tẹ́ ẹ tà fóun ò dáa. Mo máa ń lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, mo á kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹ GBÉ E DÚRÓ, Ẹ MÁ TÀN ÁN TÍTÍ DI Ọ̀LA. Kó tó tiẹ̀ dà bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wá yẹ̀ ẹ́ wò ló fẹ́ rí i kó mú yìnyín, NEPA ò sì í mú iná wá nítorí oníbàárà, epo jẹnẹrétọ̀ yín lẹ máa dà sí i, ẹni mẹ́ta á sì wá wò ó kẹ́nì kan tó ra.

Àbùkù ọjà, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ yà á ní fídíò. Nǹkan àkọ́kọ́ tí Pierre Omidyar tà nígbà tó dá eBay sílẹ̀ ní 1995, iná lésà tó ti bàjẹ́ ni, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti bàjẹ́, wọ́n sì rà á ní dọ́là 14.83. Ẹni tó mọ ohun tó rà kì í dá a padà. Lórí eBay náà, tọ́jà bá yàtọ̀ sí ohun tẹ́ ẹ kọ, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ní ẹ ò gbà á padà, ẹ̀yin lẹ máa san owó tó máa fi dá a padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ká ní ó lọ ní 60,000. Admin mú 3,000, bẹ́líìtì àti ọ́ìlì tẹ́ ẹ fi tún un ṣe 4,000, páálí àti fóòmù 2,500, dẹ́tà 1,000, epo 3,000, owó dispatch tẹ́ ẹ gbà láti bá wọn san 5,000. 18,500 ti lọ nìyẹn, ó ku 41,500, télọ̀ tó wà ní Sábó sì ti ní òun máa san 45,000 tóun á sì gbé e fúnra òun. Torí ẹ̀, ẹrù wúwo, ará àdúgbò ni mo máa ń kọ́kọ́ fi lọ̀. Fóònù, kámẹ́rà, góòlù, aago ọwọ́, ìyẹn lẹ lè lù ní gbàǹjo, àpò ló máa wọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ lù ú, ẹ kọ gbogbo ìnáwó yẹn sórí bébà, ẹ fi kún iye tó kéré jù tẹ́ ẹ lè gbà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni ò bá pè é, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ tún fótò ẹ̀ yà lójú mọ́mọ́, ẹ gbé e padà tó bá di ìparí oṣù.