Inú Tí Ojú Ò Rí: Báwo Ni Wọ́n Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n?

Màmá kan tí wọ́n ń ta àdìrẹ ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, wá bá mi nílé lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ wọn obìnrin ti wọ yunifásítì láti lọ kọ́ sàíkọ́lọ́jì, oorun ò sì kun màmá mọ́. Bí a ṣe sọ ọ́ nìyí.

Ṣé títọ́jú wèrè ni ọmọ mi fẹ́ lọ kọ́?

Rárá, màmá. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, bíi ti Adeoye Lambo, tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láwọn abúlé itòsí Aro, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954. Sàíkọ́lọ́jì ń wádìí bí gbogbo wa ṣe ń rántí, bí a ṣe ń bẹ̀rù, àti ìdí tí a fi ń hu ìwà tí à ń hù. Àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì náà ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ni wọ́n sábà fi ń tọ́jú, kì í ṣe oògùn.

Ṣebí àwọn baba wa náà mọ inú ènìyàn. Kí ni ti òyìnbó fi yàtọ̀?

Ìwọ̀n ni. Ní nǹkan bí 1850, Hermann von Helmholtz ní Jámánì fi iṣan ìmọ̀lára ọ̀pọ̀lọ́ wádìí bí iṣẹ́ tí ara ń rán ṣe ń yára gba inú iṣan náà kọjá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti rò pé kò ṣe é wọ̀n. Ó rí i pé kò ju bíi mítà 30 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tó bá ti ń gba àkókò, aago lè wọ̀n ọ́n. Ní 1879 ni Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí sílẹ̀ ní Leipzig, ọdún yẹn ni wọ́n sì máa ń kà sí ọjọ́ ìbí ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n á ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Bí ẹni tó ń tẹ́tí bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, á tẹ nǹkan, aago á sì sọ iye àkókò tó wà láàárín méjèèjì.

Mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ yìí ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́. Kí ló pín wọn?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn. Aago mọ iye àkókò, kò mọ ohun tó ń lọ nínú. Wọ́n bá ní kí ènìyàn máa wo inú ara rẹ̀, kó máa ròyìn. Edward Titchener, ọmọ iṣẹ́ Wundt, gbé èyí lọ sí Cornell ní Amẹ́ríkà ní 1892. Bó bá gbé aṣọ aró yín sílẹ̀, màmá, ẹ ò gbọdọ̀ pè é láṣọ. Bó ṣe dúdú tó, bó ṣe tutù lọ́wọ́, ìyẹn nìkan ni kí ẹ sọ. Ó fẹ́ tú ọkàn sí wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ Oswald Külpe ní Würzburg, ẹni tí òun náà ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Wundt, sọ pé ìrònú kan máa ń wá láìsí àwòrán kankan nínú ọkàn. Titchener ní wọn ò wò ó dáadáa, pé àwòrán wà níbẹ̀. Ta ni adájọ́? Ẹnikẹ́ni ò lè wọnú ẹlòmíràn lọ wò ó. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni ògiri ti lanu.

Aláǹgbá tó wọlé ni John Watson. Ní 1913 ó ní ẹ fi ọ̀rọ̀ inú sílẹ̀, ẹ wo ohun tí ènìyàn ń ṣe. Iṣẹ́ Ivan Pavlov ní Rọ́ṣíà ràn án lọ́wọ́, ẹni tí itọ́ àwọn ajá rẹ̀ máa ń dà kí oúnjẹ tó dé. Màmá rẹ́rìn-ín: “Ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé mi náà ń ṣe é. Tó bá ti gbọ́ ìró abọ́ èèpo iṣu, ó ti dé.” Kókó ibẹ̀ nìyẹn. (Watson ṣàṣejù o. Ní 1920 ó dẹ́rù ba ọmọ ọwọ́ kan títí ọmọ náà fi ń sá fún eku funfun. Kò sẹ́ni tó máa gbà fún un lónìí.)

Àwọn tó kù ńkọ́?

Max Wertheimer fi hàn ní 1912 pé bí ìlà méjì bá ń tàn, tí wọ́n ń kú, tẹ̀lé ara wọn kíákíá, ìlà kan tó ń rìn lojú máa rí. Odindi yàtọ̀ sí wẹ́wẹ́ tí a kó jọ. Ẹni tó bá ń ka àmì ẹ̀kọ lọ́kọ̀ọ̀kan lára àdìrẹ Ìbàdàn Dùn ò ní rí òpó Màpó níbẹ̀. Sigmund Freud ní Vienna ní tiẹ̀ gbájú mọ́ àlá àti ohun tí ènìyàn ń fi pa mọ́ fún ara rẹ̀. Òkìkí rẹ̀ ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ, bí ẹ bá bi mí.

Ta ló wá borí?

Inú padà wọlé, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1956, George Miller kọ ọ́ pé nǹkan bíi méje ni ọkàn lè gbé dání lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò ní kí ẹnikẹ́ni ròyìn inú rẹ̀. Ó kàn wo ibi tí àṣìṣe ti bẹ̀rẹ̀. Màmá kò gbà, wọ́n ní gbèsè ogójì oníbàárà wà lórí àwọn. Mo ní ìyẹn ti wọ àká, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Mo wá ka nọ́ńbà fóònù kan tí wọn ò mọ̀ rí fún wọn, mọ́kànlá gbáko. Wọ́n kà á dé ìkẹfà, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ẹgbẹ́ wo lọmọ mi máa wọ̀?

Kò sí dandan. Ó máa kà nípa gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ó máa bá ìṣirò pàdé dáadáa, nítorí ìwọ̀n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Màmá dìde: ọmọ ti fi ìwé ìṣirò rẹ̀ ta àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ. Wọ́n ń lọ gbà á padà.