Bí ínfátà mọ́tò ṣe dẹni tó ń tan ara rẹ̀ padà

Kí ínfátà (ẹ̀rọ tó ń darí eré mọ́tò iná) tó dé, kọ̀ńtákítọ̀, swíìṣì ńlá tí iná ń fà pa, la fi ń tan mọ́tò iná. Ẹni kan á tẹ bọ́tìnnì, kóìlì á fa irin mọ́ra, iná á wọlé. Bí iná bá lọ, irin á já. Bí iná bá sì dé, mọ́tò ò ní yí títí ẹnìkan á fi tún tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ẹni tó ti ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ nígbà tí iná lọ.

Ní 1968, Danfoss ti Dẹ́ńmáàkì gbé VLT 5 jáde, ínfátà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu láti fi darí eré mọ́tò. (Kì í ṣe ínfátà bátìrì inú ilé là ń wí o.) Irú rẹ̀ ń sọ AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) di DC (iná tó ń lọ sọ́nà kan) sínú kapásítọ̀ tó ń tọ́jú iná fúngbà díẹ̀, kó tó tún gé e di AC: 400 fóltì á di nǹkan bí 565 níbẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́jú péré, fóltì yẹn á já wálẹ̀, ínfátà á dákẹ́. Pọ́ǹpù tí kò séèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ta ni yóò lọ tẹ bọ́tìnnì? Ohun tó bí títan ara ẹni padà nìyẹn.

Kò rọrùn. Fáànù ńlá ṣì máa ń yí lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bí ínfátà bá bẹ̀rẹ̀ láti 0 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná AC ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) nígbà tí mọ́tò ṣì ń sáré bíi 35 Hz, mọ́tò á di jẹnẹrétọ̀, á máa ti iná padà sínú kapásítọ̀, fóltì DC á ga kọjá ààlà, ínfátà á tún gé. Èyí ló mú speed search (wíwá eré mọ́tò) wá: ínfátà á dúró díẹ̀ kí òòfà inú mọ́tò rọlẹ̀, á fi fóltì kékeré wá eré rẹ̀ láti òkè bọ̀ wá sílẹ̀, ibi tó bá ti bá a pàdé ni yóò ti máa gbé fóltì sókè.

Lórí ọ̀pọ̀ ínfátà Mitsubishi FR, Pr. ni nọ́ńbà ètò tí a ń tò sínú rẹ̀: Pr. 57 ló wà fún títan padà lẹ́yìn tí iná bá lọ, Pr. 67 ni iye ìgbà tí yóò gbìyànjú lẹ́yìn àṣìṣe, Pr. 68 ni àkókò ìdúró. Láti ilé-iṣẹ́, 9999 ni Pr. 57, 0 ni Pr. 67: méjèèjì ò ṣiṣẹ́, bíi ti kọ̀ńtákítọ̀ àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ń tan Pr. 67 nìkan, wọ́n á máa ṣe kàyéfì pé iná dé, mọ́tò ò yí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àṣìṣe wáyà tó ń kan ilẹ̀ (iná tó ń jò sílẹ̀) sínú àwọn àṣìṣe tí ínfátà yóò tún gbìyànjú lẹ́yìn wọn. Ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan ń jẹ IGBT, swíìṣì inú ínfátà tó ń gé iná. Àmì ìbẹ̀rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dúró ní títan. Bí rílé (swíìṣì kékeré tí iná ń fà pa) kan bá wà lójú ọ̀nà àmì yẹn tó já nígbà tí iná lọ, kò sí Pr. tó lè mú mọ́tò yẹn yí.